Ẹsẹ̀ Kò Lọ Sílé Ìwé

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ta plánkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Ọmọ́tọ́ṣọ́ ṣúmékà, lójú ọ̀nà tó já sí Ẹnuwá. Páànù mẹ́rin ló bo ìsọ̀ náà lórí. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ra igi tó gbé wọn dúró, mi ò sì tíì gbọ́ pé ọ̀kan ṣẹ́ nínú rẹ̀. Àpótí kan ló ń jókòó lé, bẹ́ǹṣì kan wà fún oníbàárà, agolo gọ́ọ̀mù, ìṣó wẹ́wẹ́, àti táyà mọ́tò àlòkù tó ń gé fi ṣe àtẹ́lẹ̀ bàtà. Ẹni tó bá ń kọjá lọ kò ní mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn àgbà àdúgbò Iláre máa ń mú ẹni tí wọ́n bá fura sí wá, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá irọ́ ló ń pa.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò le. Ṣúmékà kì í ráyè wo ojú ènìyàn. Oníbàárà á bọ́ bàtà, á gbé ẹsẹ̀ lásán kalẹ̀ níwájú rẹ̀, á sì máa sọ̀rọ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Orí Ọmọ́tọ́ṣọ́ wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ ń bá pàdé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, bí etí rẹ̀ bá ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á máa wo ohun tí ẹsẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe.

"Ojú kì í ṣe ẹlẹ́rìí," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa kì í wo àgbà lójú. Ó ń purọ́, ó ń wolẹ̀. Ó ń sọ òótọ́, ó ń wolẹ̀. Báwo lo ṣe fẹ́ dá a mọ̀? Ẹnu ní tirẹ̀ ti kàwé. Ẹsẹ̀ nìkan ni kò lọ sílé ìwé."

Ó ní bí ẹlòmíràn bá fẹ́ purọ́, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti gbéra nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ẹlòmíràn á fi ẹsẹ̀ kan tẹ èkejì mọ́lẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kó sá lọ. Obìnrin kan tó ta adìyẹ aládùúgbò rẹ̀ jókòó síbẹ̀ lójú mi, ó ń búra, ẹnu rẹ̀ kọjú sí wa, àmọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì ti kọjú sí ọ̀nà ilé.

Èmi kì í tètè gba nǹkan gbọ́, nítorí náà mo ń kà á. Nínú ẹjọ́ mẹ́tàdínlógún tó ṣojú mi, méjì péré ló ti kùnà, nínú méjèèjì náà, ìjàlọ ló ń jẹ ẹnì kan lẹ́sẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sì fi ọgbọ́n náà pamọ́. Gbogbo ẹni tó bá jókòó ló ń ṣàlàyé fún, débi pé nígbà tó fi máa di ọdún 1990, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní àdúgbò wa. Bí ọkọ bá pẹ́ dé, ìyàwó á ní, "Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín síwájú kí n rí i."

Ìyàwó tirẹ̀, Tinúadé, ń ta òwú àti bọ́tìnnì níwájú ilé wọn. Ẹ̀rín ló máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà rín. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Fọláyọ̀, èyí obìnrin, wà nílé ọkọ ní Ìpetumodù. Adéwálé ọkọ rẹ̀ jẹ́ tíṣà, ó sì ń ṣe àgbà ìjọ. Kọ́lápọ̀, àkọ́bí, ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kàdúná. Ní ọdún 1994 tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá Tinúadé dúró sí ọsibítù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà pe ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kó gbọ́ ìròyìn òjijì, ìbáà ṣe ti ayọ̀, ìbáà ṣe ti ìbànújẹ́.

Oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Kọ́lápọ̀ kọ̀wé pé òun ń bọ̀ nílé, lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí. Àwọn òṣìṣẹ́ epo ń daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà. Mọ́tò kò tó nǹkan lójú títì, owó ọkọ̀ sì ti di ìlọ́po mẹ́ta. Síbẹ̀ bàbá rẹ̀ ti gé awọ kalẹ̀ fún sálúbàtà tuntun tó fẹ́ rán fún un, ìyá rẹ̀ ti fọ aṣọ ibùsùn rẹ̀ nígbà méjì.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, Hakeem, dírẹ́bà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Kọ́lápọ̀, wọ ìsọ̀ mi. Ọ̀dọ̀ mi ló yà sí. Kò ya ọ̀dọ̀ Ọmọ́tọ́ṣọ́, ìyẹn tó jókòó ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí wa, tó ń kan bàtà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wọ inú."

A wọ àárín plánkì. Ó ní Kọ́lápọ̀ rí mọ́tò tó ní epo lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó sì ronú pé kí òun má jẹ́ kó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Wọn kò tíì dé Lókójà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan fi kọlù wọ́n.

"Ṣé ó fara pa ni?" mo bi í.

"Ó ti lọ, Bàbá."

Bó ṣe ń sọ ọ́, à ń gbọ́ òòlù Ọmọ́tọ́ṣọ́. Kò dáwọ́ dúró. Mo rántí pé mo ń ka iye ìgbà tó lù ú, mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, a kì í gbé òkú ọmọ wá bá òbí. Òbí kì í rí òkú ọmọ, kì í sì í mọ ojú sàárè rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ló máa ń sin ín tán kí wọ́n tó wá jókòó sọ fún wọn. Nítorí náà mo ti ìsọ̀, mo mú Hakeem lọ bá Oyèbánjí, ẹ̀gbọ́n Ọmọ́tọ́ṣọ́, tó jẹ́ olórí agboolé wọn. Ó gbọ́ ọ tán, ó pín iṣẹ́. Adéwálé á wá ilẹ̀ ní Ìpetumodù. Òkú á dé lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á sin ín lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí wọ́n bá jáde nínú ìsìn, Fọláyọ̀ á tẹ̀lé àwọn àgbà wá, kó lè di ìyá rẹ̀ mú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Kó tó di ìgbà náà," Oyèbánjí wí, "etí Tinúadé kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Bó bá gbọ́ ọ lójijì, òkú méjì la máa sin."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí: Sátidé náà gan-an ni wọ́n ń retí ọmọ. Bí a kò bá wí nǹkan, bàbá rẹ̀ á lọ dúró lójú títì, á máa béèrè lọ́wọ́ gbogbo dírẹ́bà, ẹnì kan á sì tú àṣírí náà. A ní láti sọ fún un pé kò sí epo, Kọ́lápọ̀ kò ní lè wá mọ́. Ta ló máa wá lọ jókòó síwájú Ọmọ́tọ́ṣọ́ pa irọ́ yẹn?

Ìgbẹ́kẹ̀lé bíríkìlà, tí ilé rẹ̀ kàn tiwọn, tí Oyèbánjí ti ránṣẹ́ pè, ló mú àbá wá. "Ẹsẹ̀ ló ń wò, àbí? Ẹ jẹ́ ká bò ó. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa wọ bàtà kófà."

Ó dà bí ọgbọ́n létí mi. A ó bá a ní ìsọ̀, nítorí pé bí a bá lọ sílé rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni a ó ti bọ́ bàtà. Hakeem ní bàtà kófà lẹ́sẹ̀. Mo lọ mú tèmi tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Sálúbàtà nìkan ni Oyèbánjí ní, ni Ìgbẹ́kẹ̀lé bá yá a ní ọ̀kan nínú méjì tirẹ̀. Bàtà náà gùn ju ẹsẹ̀ bàbá lọ. A kó aṣọ àkísà sí iwájú rẹ̀.

"Ẹ rìn díẹ̀ ká wò ó," Ìgbẹ́kẹ̀lé wí.

Ó rìn.

"Bàbá, ẹ ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ."

"Bàtà rẹ ló ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ," Oyèbánjí dá a lóhùn. "Kò sóhun tó kàn mí níbẹ̀."

Hakeem rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, a ní láti dúró dè é. Lẹ́yìn náà a kọ́ bí a ó ṣe tẹ́ ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé gìgísẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn mi. Ẹni mẹ́rin, bàtà mẹ́jọ, irọ́ kan ṣoṣo. Mo rò pé ó tó.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kí wa láìgbójú sókè. A jókòó ní ẹsẹ̀ẹsẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ wa sì tẹ́ sílẹ̀ bí plánkì. Òòlù rẹ̀ dúró.

"Ọmọ́tọ́ṣọ́," Oyèbánjí bẹ̀rẹ̀, "Hakeem ti Kàdúná dé. Ó ní Kọ́lápọ̀ kò ní lè wá lọ́jọ́ Sátidé mọ́. Kò sí epo."

"Kò sí epo," Ọmọ́tọ́ṣọ́ wí.

"Kò sí epo, Bàbá," Hakeem wí. "Ó ní kí n kí yín."

Ọmọ́tọ́ṣọ́ na ọwọ́, ó fi ìka kan tẹ imú bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìka náà rì wọlé, torí pé àkísà ló wà níbẹ̀.

"Bàtà Ìgbẹ́kẹ̀lé nìyí. Èmi ni mo pààrọ̀ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ nígbà Àjíǹde."

Ó fa ìka rẹ̀ jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò wọ kófà rí láti ọjọ́ tí a ti sin Bàbá wa."

"Ilẹ̀ tútù," Oyèbánjí wí. "Òjò ni."

Ọjọ́ kẹfà nìyẹn tí òjò kò ti rọ̀. Eruku wà lára bàtà wa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Ó kọjú sí èmi. Kò wo ojú mi. "Dúrósinmí, ìwọ lo sọ fún mi pé plánkì máa ń ba kófà jẹ́, pé òmùgọ̀ ló ń fi bàtà ṣọ́ọ̀ṣì gbé igi. Ọjọ́rú lónìí."

Gbogbo ìṣirò mi ti tán. Kò sí ẹni tí bàtà rẹ̀ kò tíì gba abẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí kọjá nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwa sì rò pé a lè fi bàtà bo nǹkan mọ́ ọn lójú. Ẹsẹ̀ lásán ì bá sàn. Ẹsẹ̀ lásán, à bá rí ìjàlọ pa irọ́ mọ́.

"Tinúadé ti mọ̀?" ló béèrè.

"Mọ kí ni?" Oyèbánjí wí.

"Pé kò sí epo."

"Kò tíì mọ̀."

"Fọláyọ̀ ńkọ́? Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Sọ́ńdè."

Ó ká ìka rẹ̀ kò lọ́kọ̀ọ̀kan: Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta. Ó ní, "Ó dáa. Èmi ni mo máa sọ fún Tinúadé pé kò sí epo." Ó gbé òòlù rẹ̀, ó lu ìṣó kan tí kò sí lára bàtà kankan, orí àpótí lásán, títí ìṣó fi wọlé tán. A dìde, a lọ. Kò sẹ́ni tó kí wa pé a ṣeun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó wọ ìsọ̀ mi. Nínú ọdún mọ́kànlá, èmi ni mo máa ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dúró sáàárín plánkì níbi tí Hakeem ti dúró.

"Dúrósinmí, kí ni kí n fi ẹsẹ̀ mi ṣe?"

Kò kọ́kọ́ yé mi.

"Mo sọ fún un lánàá pé kò sí epo. Mo rí àtàǹpàkò mi tó gbéra. Èmi fúnra mi rí i. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń yún ara. Mi ò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí di Sọ́ńdè."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ìwọ̀n. Ìbọ̀sẹ̀: nínú ooru inú yàrá, Tinúadé á béèrè. Kó lọ sùn ní oko: ta ló máa wà lọ́dọ̀ obìnrin náà bí ara rẹ̀ bá yí padà? Gbogbo rẹ̀ ló ní iye tó máa ná ni, iye náà sì pọ̀ ju èrè lọ. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí mo rí fún ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ kú ni pé kó fi ẹsẹ̀ sínú omi.

"Bu omi gbígbóná sínú bàsíà, kó o fi iyọ̀ sí i. Sọ pé ẹsẹ̀ rẹ wú."

"Ojú ń rí inú omi."

"Já efinrin sí i."

Ó ronú sí i, ó ní, "O ṣeun," ó sì lọ já efinrin. Mo dúró níbẹ̀. Plánkì kún ìsọ̀ mi dé òkè, kò sí ọ̀kan tó wúlò fún un.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti wọlé, ó di inú bàsíà. Níbẹ̀ ló ti ń jẹun, níbẹ̀ ló ti ń gbọ́ rédíò. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ń kọjá lọ níwájú ilé wọn, Tinúadé pè mí láti ìdí òwú rẹ̀.

"Bàbá plánkì, ẹ wá ná. Ṣé lóòótọ́ ni kò sí epo?"

"Kò sí, Ìyá Kọ́lá. Ẹ̀yin náà ẹ wo títì."

Sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo ki ìka ẹsẹ̀ mi bọ inú yanrìn. Ojú mi ló wò, kò wo ẹsẹ̀ mi rárá, mo sì dúpẹ́.

"Bí wọ́n bá wá rí epo lójijì ńkọ́?" ló wí. "Kò yẹ kí ọmọ dé kó má bá ẹnì kan lójú títì. Mo fẹ́ kí Bàbá Kọ́lá lọ dúró ní Lágéré lọ́la. Ẹ bá mi tẹ̀lé e. Ẹ má sì jẹ́ kó tètè padà."

Kí ni mo fẹ́ wí? Bí mo bá ní kó má lọ, mo ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tán.

Báyìí ni àwa méjì ṣe lọ jókòó ní Lágéré lọ́jọ́ Sátidé, láti aago mẹ́sàn-án, tí à ń dúró de ẹni tí àwa méjèèjì mọ̀ pé kò ní sọ̀kalẹ̀. A kò sọ ọ́ fún ara wa. Mọ́tò mẹ́ta péré ló ti òkè wá títí di ọ̀sán. Bí ọ̀kan bá ti dúró, Ọmọ́tọ́ṣọ́ á wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé ẹni ìkẹyìn.

"Ẹni mẹ́jọ," ó wí nígbà kan. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Aago mélòó lù?"

"Méjì."

Ó ṣí fìlà. Mi ò sọ fún un pé aago méjì ni wọ́n dá fún ìsìnkú ní Ìpetumodù; kò sì béèrè. Ó gbé fìlà sórí eékún, ó gbé ọwọ́ lé e. Obìnrin kan tó ń ta ọsàn bi wá bóyá ooru ló ń mú bàbá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí mo sọ fún un pé aago mẹ́ta ti lù, ó dé fìlà rẹ̀ padà. Ó fẹ́ máa lọ sílé, mo sì rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, mo dá a dúró títí di aago márùn-ún.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwa méje la wọlé. Ẹnu ọ̀nà la ti bọ́ bàtà. Ọmọ́tọ́ṣọ́ wà lórí àga rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú bàsíà. Fọláyọ̀ lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, ó sì di apá rẹ̀ mú. Oyèbánjí tún ohùn rẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn: pé kò sí agboolé tí ẹ̀fúùfù kì í fẹ́ dé, pé orí tó bá wà lọ́rùn ni ká máa dúpẹ́ fún.

"Bàbá," Tinúadé wí, "ẹ má da ara yín láàmú. Mo ti sun ẹkún tèmi."

Ọmọ́tọ́ṣọ́ yíjú sí i. "Ìgbà wo?"

"Lánàá. Nígbà tí ẹ wà ní Lágéré. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sun ún láti àárọ̀ títí ẹ fi dé."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé, ẹ ò bo ẹsẹ̀ yín fún mi rí. Láti Ọjọ́rú tí ẹ ti fi ọwọ́ tẹ àtàǹpàkò mọ́lẹ̀ ni mo ti mọ̀. Mo rí i pé ẹ ò fẹ́ kí n mọ̀, mo ní kí n jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiyín ló ń bà mí lẹ́rù." Ó yọ apá rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Fọláyọ̀, ó dìde, ó mú táwẹ́ẹ̀lì. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò nínú omi yẹn. Ó ti tutù."

Ó kúnlẹ̀, ó ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀, àárín ìka dé àárín ìka. Ẹsẹ̀ náà ti hunjọ bí aṣọ tí a kò tẹ́ sá. Ìgbà náà ni ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bú sẹ́kún, lójú gbogbo wa, tí a jókòó ní ẹsẹ̀ lásán tí a kò sì mọ ibi tí a ó gbé e sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló ṣí ìsọ̀ padà. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó wá ra plánkì. Ó ní kí n kàn án dúró níwájú bẹ́ǹṣì, láti ibi orúnkún títí dé ilẹ̀. Mo lo igi àfàrà, mi ò gba owó. Àwọn oníbàárà ráhùn pé eékún àwọn ń kọlu igi. Ó ní kí wọ́n jókòó ní ẹ̀gbẹ́. Àwọn kan mú ẹjọ́ aago ọwọ́ wá, ó ní kí wọ́n lọ bá àwọn àgbà, iṣẹ́ bàtà ni òun ń ṣe.

Tinúadé ṣì ń ta bọ́tìnnì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀.

Lóṣù Kọkànlá, mo lọ bá Adéwálé ní Ìpetumodù, mo gbé plánkì mẹ́rin dání, a fi ṣe ọgbà yí ojú sàárè ká kí ewúrẹ́ má baà máa tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo padà dé, mo lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì Ọmọ́tọ́ṣọ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó ń rán bàtà ọmọ ilé ìwé kan.

"Dúrósinmí," ó wí láìgbójú sókè, "ṣé o mọ ibi tí wọ́n sin ín sí?"

"Rárá," mo wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Plánkì náà wà láàárín wa. Ó ní, "O ṣeun," ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.